Òfìfo Kì í Ṣe Òdo: Ẹ̀kọ́ Lórí Títún Rẹ́jísítà Ẹgbẹ́ Ṣe

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí dá lórí rẹ́jísítà ẹgbẹ́, pàápàá àwọn àpótí tó ṣófo nínú rẹ̀ àti àwọn ibi tí a ti kọ ohun kan ṣoṣo ní oríṣiríṣi ọ̀nà.

Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ tí kì í yẹ páàsìbúùkù rẹ̀ wò. Bí náírà kan bá dín, gbogbo ìpàdé ni yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ti béèrè rí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, kí lẹ kọ síwájú orúkọ mi nínú rẹ́jísítà?" Bẹ́ẹ̀ rẹ́jísítà yìí ni a máa ń wò kí a tó mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀yáwó, ẹni tí èrè ọdún kàn, àkáǹtì tí a óò san owó sí, àti ẹni tí a óò pè bí ọlọ́jọ́ bá dé. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pàápàá ka rẹ́jísítà sí ẹ̀rí ọjọ́ tí ènìyàn wọ ẹgbẹ́ àti ọjọ́ tó jáde. Ohun tí òfin kà sí ẹ̀rí, kì í ṣe ohun tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

1. OHUN TÍ RẸ́JÍSÍTÀ JẸ́

Ìbáà ṣe lẹ́jà ńlá tí a fi bírò kọ, ìbáà ṣe Excel tàbí dátábéèsì inú kọ̀ǹpútà, àtẹ ni gbogbo wọn. Ìlà tó dùbúlẹ̀ jẹ́ ti ẹnì kan. Òpó tó dúró lóòró jẹ́ ti ohun kan: òpó nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, òpó orúkọ, òpó ọjọ́ ìwọlé, òpó ìlú àti ìpínlẹ̀, òpó iṣẹ́, òpó tẹlifóònù, òpó àkáǹtì bánkì, òpó owó ṣíà, òpó onídùúró, òpó ẹni tí yóò gba ohun ìní wa lẹ́yìn ikú. Ibi tí ìlà kan àti òpó kan bá ti pàdé ni à ń pè ní àpótí.

Àìsàn méjì ló máa ń bá àpótí wọ̀nyí jà. Èkíní ni pé kí ó ṣófo. Èkejì ni pé kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má bá ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Ìwé àtijọ́ fara da àìsàn méjèèjì, nítorí pé ènìyàn ló ń kà á, akọ̀wé sì mọ̀ pé "Ṣọlá" ìlà kẹwàá àti "Shola" ìlà ogójì, ẹnì kan náà ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà kò mọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí a bá kọ ni yóò kà. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yàtọ̀, ó di ènìyàn méjì lójú rẹ̀. Ìdí rèé tí ẹgbẹ́ tó bá ń kó ìwé rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà fi ní láti kọ́kọ́ gbá ilé rẹ̀.

2. ÒFÌFO MẸ́RIN

Àgbà ní gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àpótí tó ṣófo. Ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, ṣùgbọ́n ohun tó fà á lè jẹ́ mẹ́rin.

(a) A kò tíì mọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ní tẹlifóònù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè nọ́ńbà rẹ̀.

(b) Kò kàn án. Ẹni tí kò yá owó rí kò lè ní onídùúró. Àpótí yẹn kò ní kún láé, kò sì sí àléébù níbẹ̀.

(d) Ó jẹ́ òdo. Ọmọ ẹgbẹ́ wá sí ìpàdé, ó ní ọjà kò tà, kò san nǹkan kan lóṣù náà. Akọ̀wé fi ibẹ̀ sílẹ̀ dípò kí ó kọ 0.

(e) Ó ti wà rí, ó sọnù. Omi dà sórí ìwé, ikán jẹ ewé kan, tàbí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà fo ìlà.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò ní oògùn kan náà. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún gbogbo òfìfo kò tún ìwé ṣe. Ńṣe ló bo egbò mọ́lẹ̀. Nítorí náà, a dábàá pé kí àpótí kankan má ṣófo láìní àlàyé mọ́. Bí a kò bá tíì mọ̀, ká kọ "A KÒ TÍÌ MỌ̀". Bí kò bá kan ẹni náà, ká kọ "KÒ KÀN ÁN". Bí ó bá jẹ́ òdo lóòótọ́, ká kọ 0. Bí ó bá sọnù, ká kọ "À Ń WÁ A". Èyí wà fún òpó ọ̀rọ̀ o. Nínú òpó owó àti òpó ọjọ́, ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀, nítorí pé yóò da ìṣirò rú. Ńṣe ni ká fi àpótí yẹn sílẹ̀, ká wá ṣí òpó kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí a óò máa kọ ìdí sí.

3. Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ọ

Àwọn kan yóò sọ pé, "Òfìfo àti òdo, kí ni ìyàtọ̀? Kò ṣáà sí owó níbẹ̀." Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ká sọ pé ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún ló wà ní ẹ̀ka kan. Lóṣù kan, ẹni kìíní san ₦2,000, ẹnìkejì san ₦3,000, àpótí ẹnìkẹta ṣófo, ẹnìkẹrin kò san nǹkan kan, a sì kọ 0 fún un, ẹnìkarùn-ún san ₦5,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦10,000.

Bí a bá fẹ́ mọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń san bí a bá pín in dọ́gba, ènìyàn mélòó la óò fi pín in? Bí a bá fi òfìfo sílẹ̀ bí ó ṣe wà, Excel yóò pín in fún ènìyàn mẹ́rin, yóò sì sọ pé ₦2,500. Bí a bá fi òdo sí ibẹ̀, yóò pín in fún márùn-ún, yóò sì sọ pé ₦2,000. Ìwé kan náà, owó kan náà, ìdáhùn méjì.

Èyí tó burú jù ni ti ẹnìkẹta gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ó san ₦4,000, tó sì ní rìsíìtì lọ́wọ́, òdo tí a kọ fún un ti sọ ọ́ di ẹni tí kò san. Nígbà tí àpótí náà ṣófo, ẹni tó bá rí i yóò béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ní kété tí òdo bá ti wọ ibẹ̀, ìbéèrè tán. Kò sẹ́ni tí yóò tún wo ojú ibẹ̀ mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: òfìfo máa ń béèrè, òdo máa ń dáhùn. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rí kò gbọdọ̀ dáhùn.

4. ÒFÌFO TÓ LÈ DÁ ẸJỌ́ SÍLẸ̀

Nínú gbogbo òpó, ọ̀kan wà tí òfìfo ibẹ̀ burú ju ti ìyókù lọ. Òun ni òpó ẹni tí a yàn láti gba owó ṣíà àti owó ìfipamọ́ wa bí a bá kú. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fún ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti yan ẹni náà nígbà tó wà láàyè. Bí kò bá yan ẹnikẹ́ni, ó di iṣẹ́ ìgbìmọ̀ láti wádìí ẹni tí í ṣe àrólé tàbí aṣojú olóògbé lábẹ́ òfin.

Ẹ̀yin náà mọ ilé Yorùbá. Ìyàwó lè ju ẹyọ kan lọ. Àbúrò olóògbé wà níbẹ̀, ọmọ tó wà lókè òkun wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mọ̀lẹ́bí tó sin òkú tó sì ná owó. Ìyá tó bá ọkọ rẹ̀ ṣe òwò fún ọgbọ̀n ọdún lè máa lọ, kí ó máa bọ̀, nítorí pé àpótí kan ṣófo nínú ìwé. Kò sí akọ̀wé tó lè fi ìmọ̀ ara rẹ̀ kún àpótí yẹn. Ì báà mọ ilé náà dunjú, ì báà jẹ́ pé ìyàwó kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò gbọdọ̀ kọ orúkọ kankan síbẹ̀ àfi èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ sí níṣojú ẹlẹ́rìí.

Ẹni tó ti yàn tẹ́lẹ̀ náà kò gbọdọ̀ sùn. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ nígbà tó jẹ́ àpọ́n, tó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀, tí ìyá ti wá di olóògbé, àpótí rẹ̀ kò ṣófo lójú, ṣùgbọ́n ó ti ṣófo nínú.

5. OHUN KAN, ORÚKỌ PÚPỌ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú rẹ́jísítà ọ̀nà kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wọ ilé ẹnì kan. Ẹ jẹ́ ká wo òpó márùn-ún tó máa ń dà rú jù.

Òpó orúkọ. Ẹnìkan kọ Ṣọlá, ẹnìkan kọ Sola, ẹnìkẹta kọ Shola. Ẹnìkan kọ orúkọ bàbá síwájú, ẹnìkan kọ ọ́ sẹ́yìn. Obìnrin wọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú orúkọ ilé bàbá rẹ̀, ó relé ọkọ, orúkọ yí padà. Àwọn mìíràn, "Ìyá Ṣadé" tàbí "Alhaja Aláṣọ" la fi mọ̀ wọ́n lọ́jà, òun náà la sì kọ. Oògùn rẹ̀ ni nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́. Ènìyàn méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, ṣùgbọ́n ẹni méjì kò gbọdọ̀ jẹ́ nọ́ńbà kan náà, a kò sì gbọdọ̀ fi nọ́ńbà ẹni tó ti jáde fún ẹlòmíràn. Ká kọ orúkọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà ní bánkì, ká fi oyè bí Alhaja, Olóyè, Díákónì sí òpó tirẹ̀, ká sì ṣí òpó kan fún orúkọ tí ọjà mọ̀ wá sí.

Òpó ìpínlẹ̀. Ẹ wo ọmọ Iléṣà. Bí ó bá wọ ẹgbẹ́ ní 1974, Western State ni akọ̀wé ìgbà náà kọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976, wọ́n pín Western State sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ọmọ Iléṣà tó wọlé ní 1980, Ọ̀yọ́ ni tirẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́. Èyí tó wọlé ní 1995, Ọ̀ṣun ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ Adó-Èkìtì: Western State, lẹ́yìn náà Oǹdó, lẹ́yìn náà Èkìtì láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1996. Kò sí akọ̀wé tó purọ́ nínú wọn. Òtítọ́ ìgbà tirẹ̀ ni olúkúlùkù kọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà kó gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó jẹ́ ará Ọ̀ṣun jáde fún ìpàdé ẹkùn, ẹni ọdún 1995 nìkan ni yóò pè. Àwọn àgbà méjì yòókù, ìpè kò ní dé ọ̀dọ̀ wọn.

A kò wá gbọdọ̀ sọ pé kí gbogbo "Ọ̀yọ́" di "Ọ̀ṣun" o! Ará Ìbàdàn, ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ìṣẹ́yìn ṣì wà ní Ọ̀yọ́. Ìlú ni ká wò kí a tó yí ìpínlẹ̀ padà. Bí ìlú gan-an bá sì jẹ́ "Ìjẹ̀bú" lásán, ká má sáré kọ Ògùn, nítorí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà wà ní Ọ̀ṣun. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ.

Òpó owó. Ẹgbẹ́ tó ti wà ṣáájú 1973 ní ìṣòro tirẹ̀. Ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀, pọ́n-ùn kan sì di náírà méjì. Ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún. Bí ẹ bá rí 12–10–0 nínú káàdì bàbá àgbà, pọ́n-ùn méjìlá àti ṣílè mẹ́wàá ni, ìyẹn ₦25. Bí ọmọdé tó ń tẹ̀wé bá kọ ọ́ ní 12.10, owó ṣíà bàbá ti dín ju ìdajì lọ. Ẹ má sọ pé owó kékeré ni. Ẹ̀tọ́ ni, àwọn ọmọ bàbá sì lè wá béèrè rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú kí a má baà yí i padà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹni àná ti sọ £12 10s di 25, tí ẹni òní tún sọ 25 di 50, ẹgbẹ́ ti jẹ gbèsè tí kò yá. Ẹ fi àmì "TI YÍ PADÀ" sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí a bá ti ṣe.

Òpó tẹlifóònù àti àkáǹtì. Nọ́ńbà fóònù alágbèéká ní Nàìjíríà jẹ́ 11, òdo ló sì máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì bánkì jẹ́ 10, òdo lè bẹ̀rẹ̀ òun náà. Excel a máa ka òdo iwájú sí ohun tí kò wúlò, yóò sì gé e kúrò. Ẹ kọ́kọ́ sọ òpó náà di òpó ọ̀rọ̀ kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà sí i. Nọ́ńbà fóònù tó bá ku 10, àyẹ̀wò ló ń fẹ́. Ti àkáǹtì tó bá ku 9, ẹ má dá òdo fi sí iwájú rẹ̀ nítorí pé ó jọ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà àárín ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fò. Ẹ pe onílé, kí ó ka nọ́ńbà rẹ̀ jáde.

Òpó ọjọ́. Kí ni 4/7/1998? Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ni. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a tò bí ti Amẹ́ríkà yóò kà á sí ọjọ́ keje oṣù Kẹrin. Oṣù mẹ́ta ti yàtọ̀ nìyẹn, ẹgbẹ́ tó sì ní òfin pé ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ lo oṣù mẹ́fà kí ó tó yá owó lè tìtorí rẹ̀ ṣi ẹ̀tọ́ ẹni dì mú. Ká máa fi ọ̀rọ̀ kọ oṣù, kò ní sí àríyànjiyàn.

6. BÍ A ṢE Ń TÚN UN ṢE

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn ìgbésẹ̀ tí a ń tẹ̀lé nìyí, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jọ̀wọ́ gé e sára ògiri ọ́fíìsì.

Èkíní: Ẹ ṣe ẹ̀dà kan, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbòmíràn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀dà yìí.

Èkejì: Ẹ kà kí ẹ tó ṣe. Ọmọ ẹgbẹ́ mélòó ni? Àpótí mélòó ló ṣófo ní òpó kọ̀ọ̀kan? Èló ni àpapọ̀ owó? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Ẹ jọ fẹnu kò sí bí a óò ṣe máa kọ nǹkan. Ká sọ pé ní òpó iṣẹ́, "tírédà", "oníṣòwò" àti "ó ń tajà" yóò di "ONÍṢÒWÒ". Ẹ kọ ìwé ìpinnu yìí sójú kan, kí akọ̀wé tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ wá ẹ̀rí. Ẹ̀rí ni fọ́ọ̀mù ìwọlé, páàsìbúùkù, rìsíìtì, ìwé ìpàdé, ìwé bánkì, tàbí ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí. "Mo rò pé" kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ kó àwọn ìlà tí ọ̀rọ̀ kàn jáde, ẹ fi ojú kà wọ́n, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ẹ ṣọ́ra fún àṣẹ tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú Excel. Bí ẹ bá ní kí "Adó" di "Adó-Èkìtì", Adó-Odò tó wà ní Ògùn yóò di "Adó-Èkìtì-Odò", èyí tó sì ti dára tẹ́lẹ̀ yóò di "Adó-Èkìtì-Èkìtì". Ẹ sọ fún un pé àpótí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ́ "Adó" nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ náà, àyè tí a fi bọ́tìnì tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kò hàn sójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rí i, ó sì lè mú kí àpótí tó ṣófo dà bí èyí tó kún.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ kọ ìwé àtúnṣe. Nínú lẹ́jà àtijọ́, a kì í fi abẹ ha ìwé. Ìlà kan la máa ń fà la ohun tí kò tọ́ já, a óò kọ èyí tó tọ́ sókè rẹ̀, a óò fọwọ́ sí i. Kí àṣà yìí má parun nítorí kọ̀ǹpútà. Ìwé àtúnṣe gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́, ohun tó wà tẹ́lẹ̀, ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rí, ẹni tó ṣe é, àti ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni kan náà kò gbọdọ̀ jẹ́ méjèèjì.

Èkeje: Ẹ tún kà á. Iye ọmọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ yí padà nítorí pé a tún orúkọ ìlú kọ. Àpapọ̀ owó kò sì gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé tàbí dín, àfi èyí tí ìwé àtúnṣe bá ṣàlàyé rẹ̀. Bí kò bá dọ́gba, ẹ padà sí ẹ̀dà ìgbésẹ̀ kìíní.

7. FÚN ÀWỌN TÓ Ń LO DÁTÁBÉÈSÌ

Àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti kúrò ní Excel bọ́ sí dátábéèsì, àwọn ọmọ wa tó mọ kọ̀ǹpútà ló sì ń bá wọn ṣe é. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ nìyí fún wọn. Nínú dátábéèsì, NULL ni orúkọ òfìfo. NULL kì í ṣe òdo, kì í sì í ṣe àyè lásán. Kò bá ohunkóhun dọ́gba, títí kan NULL ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí náà IS NULL la fi ń wá a. Bí a bá ní kí ó kó àwọn tí ìlú wọn kì í ṣe Ìbàdàn jáde, kò ní kó àwọn tí àpótí ìlú wọn ṣófo. Ẹgbẹ́ tó gbàgbé èyí yóò rò pé òun ti ka gbogbo ènìyàn.

Bí a bá fẹ́ kún ìpínlẹ̀ àwọn ará Iléṣà, ẹ kọ́kọ́ wo iye wọn:

SELECT COUNT(*) FROM omo_egbe WHERE ilu = 'ILESA' AND ipinle IS NULL;

Bí iye náà bá bá ti ọwọ́ yín mu, ẹ wá ṣe é:

UPDATE omo_egbe SET ipinle = 'OSUN' WHERE ilu = 'ILESA' AND ipinle IS NULL;

Ọ̀rọ̀ WHERE yẹn ni ìlẹ̀kùn ilé. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò sọ di ará Ọ̀ṣun ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọmọ Abẹ́òkúta, ọmọ Oǹdó, gbogbo wọn pátá. Ẹ fi BEGIN ṣí iṣẹ́ náà bí dátábéèsì yín bá gbà á, ẹ wo iye ìlà tó yí padà. Bí ó bá tọ̀nà, ẹ fi COMMIT tì í. Bí kò bá tọ̀nà, ROLLBACK yóò dá a padà sí bó ṣe wà.

8. IṢẸ́ TI ỌMỌ ẸGBẸ́

Ẹ má rò pé iṣẹ́ akọ̀wé nìkan nìyí. Akọ̀wé lè mọ ìwé kọ, kò lè mọ ilé yín jù yín lọ. Òfin Ìdáàbòbò Ìsọfúnni ti Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2023, fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí a kọ nípa rẹ̀ àti láti ní kí a tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Nítorí náà, ẹ béèrè! Kì í ṣe àrífín, kì í sì í ṣe àìfọkàntán.

Kí a tó pín èrè ọdún, a bẹ ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ó mú páàsìbúùkù rẹ̀ àti ìwé tó ní nọ́ńbà àkáǹtì bánkì rẹ̀ wá sí ìpàdé. A óò ka ìlà yín sí yín létí, ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kì í ṣe níwájú èrò. Ibi tó bá ṣófo, ẹ ó sọ, a ó kọ, ẹ ó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò lè wá, kí ó má fi nọ́ńbà àkáǹtì rán ọmọdé lẹ́nu. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́. Ẹni tí ojú kò jẹ́ kó kàwé mọ́ lè mú ọmọ tó fọkàn tán dání.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ Ẹ̀KA

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín "a kò tíì mọ̀", "kò kàn án" àti òdo? Ẹ mú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan wá láti inú ìwé ẹ̀ka yín.

2. Káàdì kan ti ọdún 1971 ní 0–7–6 nínú òpó ṣíà. Kọ́bọ̀ mélòó ni ní owó náírà? (Ìdáhùn: kọ́bọ̀ 75.)

3. Ìlà méjì ní orúkọ kan náà, nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀, àpótí tẹlifóònù ọ̀kan sì ṣófo. Ṣé ká pa wọ́n pọ̀? Ẹ̀rí wo la máa kọ́kọ́ béèrè?

4. Ta ni ẹ kọ sí òpó ẹni tí yóò gba ohun ìní yín? Ṣé ẹni náà ṣì wà láyé? Ṣé òun náà mọ̀?

Ìbéèrè kẹrin yìí, ẹ má dáhùn rẹ̀ ní gbangba. Ẹ lọ bi ara yín nílé, kí ẹ tó máa bọ̀ ní ìpàdé.

Àjẹṣẹ́kù wa kò ní di àjẹgbé o. Ó dìgbà kan ná.